Òkú Méjì Tó Kù ní Etíkun Elaioni

Ọkùnrin kan wà ní Ateni tó ń kọ ìwé nípa ogun wa. Dexitheos ni orúkọ rẹ̀. Ó lówó, ó nílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa gun ìbaaka kiri láti ìlú kan dé òmíràn, kó máa da ìbéèrè bo àwọn tó jagun. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Ohun tí ẹnì kan bá sọ, àfi kó rí ẹlòmíràn tó sọ bákan náà, pàápàá láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń fi èyí yangàn gan-an. Ó ní àwọn tó kọ̀wé ṣáájú òun kàn ń kọ ohun tó dùn létí ni, pé ìwé tòun ni yóò wà títí ayé.

Lánàá ó ka díẹ̀ nínú ìwé náà sétí gbogbo ènìyàn lábẹ́ òrùlé ọlọ́wọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Nígbà tó ka ibi tó kan ogun Elaioni, mo bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú mi lápá, wọ́n sì tì mí síta. Wọ́n bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Hegemakos ti kú, ìyá mi náà ti kú, èmi pàápàá ti ń fi ọwọ́ di ìbàdí mú kí n tó dìde. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Smikros ni mò ń jẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí.

Ogun Elaioni tí wọ́n ń pè ní ogun yìí, kò ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ìlú kékeré ni Elaioni, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò sì ju pé wọ́n gba àwọn ọ̀tá wa lálejò. Hegemakos ni ọ̀gágun tó kó wa lọ, ọkọ̀ ojú omi mẹ́jọ. Ohùn Hegemakos dára, irun rẹ̀ dára, ó sì lè sunkún nígbà tó bá wù ú. Ọdọọdún là ń na ọwọ́ yan àwọn ọ̀gágun wa, ọjọ́ ìyànsípò ti sún mọ́lé, ohun tó gbé e lọ sí Elaioni gan-an nìyẹn. A gúnlẹ̀ ní àárọ̀, a dáná sun ọkà báálì wọn, wọ́n jáde sí wa, a tì wọ́n, wọ́n tì wá, nígbà tó yá wọ́n yíjú padà, wọ́n sá.

Àṣà wa ni pé ibi tí ọ̀tá bá ti yíjú padà sá, ibẹ̀ la ó ri òpó igi mọ́, a ó gbé àṣíborí, ìgbàyà àti asà tí a gbà lọ́wọ́ wọn kọ́ ọ lára, bí ẹni ń wọṣọ fún igi. Òpó ìṣẹ́gun nìyẹn. Èmi ni mo gbẹ́ ti Elaioni. Àṣà kejì sì wà. Bí o bá rán akéde lọ bá ọ̀tá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ kí o gbé òkú rẹ, wọn kò gbọdọ̀ fi òkú náà dù ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti lè tọrọ rẹ̀, o ti fẹnu ara rẹ gbà pé ọwọ́ wọn ni pápá ìjà wà. Ìwọ lo pàdánù nìyẹn, ì báà ṣe gbogbo wọn lo pa tán.

Mo ṣì ń kan ìṣó mọ́ òpó yìí nígbà tí a rí eruku lójú ọ̀nà. Àwọn tó fẹ́ ran Elaioni lọ́wọ́ ló ń bọ̀, wọ́n pọ̀ jù wá. A kó òkú wa pẹ̀lú ìkánjú, a wọ ọkọ̀, a sá lọ sí erékùṣù kékeré kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ la ti kà wọ́n. Ènìyàn méjì ló kù. Ọ̀kan ni bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Tudippos, tí kò léyín mọ́, tí kò yẹ kó tẹ̀ lé wa rárá. Ìkejì ni Mnesias, àbúrò mi. Ẹnì kan ti rí i níbi tó ṣubú sí nínú kòtò lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Kòtò náà kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí mo ti ń kan ìṣó.

Mo lọ bá Hegemakos. Wàràkàṣì àti àlùbọ́sà ló ń jẹ.

"Ọ̀gágun, ènìyàn méjì ló kù."

"Ènìyàn wo?"

"Mnesias àbúrò mi, àti bàbá Tudippos. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akéde lọ."

Ó gbé ojú sókè. "Akéde kẹ̀? Smikros, ṣé orí rẹ pé báyìí? Òpó tí o fi ọwọ́ ara rẹ rì mọ́lẹ̀, òun lo fẹ́ kí n lọ fà tu?"

"Òpó kọ́ ni mò ń sọ, ọ̀gá. Òkú ni mò ń sọ."

"Mo gbọ́. Ọ̀la. A ó wò ó lọ́la."

Nígbà tí ọjọ́ kejì mọ́, ó ní ká máa tukọ̀ lọ sílé.

A dé Ateni, wọ́n pe ìpàdé ìlú. Hegemakos gun orí òkè ìpàdé, ó da aṣọ rẹ̀ sí èjìká bó ṣe yẹ, ó ní a ti ṣẹ́gun, ó ní ènìyàn mọ́kàndínlógún ló kú, pé a kó gbogbo wọn, pé a sun wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní erékùṣù, pé eérú wọn ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Àwọn ènìyàn pariwo yè. Wọ́n ní kí wọ́n dé e ládé ewé. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún màlúù rúbọ sí òrìṣà obìnrin ìlú wa fún ìṣẹ́gun náà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: òrìṣà, egungun àti ọ̀rá ló ń jẹ níbẹ̀, àwa la ó pín ẹran. Nígbà tí wọ́n dárúkọ màlúù, mo rí i tí àwọn àgbà ọkùnrin ń gbé itọ́ mì.

Akéde ìlú wá kígbe bó ṣe máa ń kígbe, "Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀?"

Gbogbo ọmọ Ateni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn. Ìyẹn la fi ń ṣe fọ́ńté sí àwọn ìlú tó kù. Mi ò dáhùn rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo dìde, mo gòkè lọ. Mo ní òkú méjì ṣì wà ní Elaioni. Mo ní kí ìlú jọ̀ọ́ kó rán akéde lọ gbà wọ́n.

Ohùn kan wá láti ibi tí àwọn oníṣẹ́ awọ wà: "Gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣé o fẹ́ kí màlúù padà sóko ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Ìyàwó mi ti gbé ìkòkò kaná o! Sọ̀ kalẹ̀ jàre!"

Hegemakos dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, omijé ti dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú sí i. Ìbànújẹ́ ló dà á lórí rú. Àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tí a sun, òun ni kò dá a mọ̀. Àti pé bí ó bá tilẹ̀ ku ẹnì kan, ṣebí a ó gbé àkéte òfìfo lọ́jọ́ ìsìnkú? Ààyè rẹ̀ wà níbẹ̀."

Wọ́n ní kí àwọn tó gbà pé ká rán akéde na ọwọ́. Mo ka ọwọ́ méje. Wọ́n ní kí àwọn tí kò gbà na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ àwọn tó bá Mnesias mu wáìnì níjọ́ tí mo ń fẹ́yàwó. Mo rí ọwọ́ ẹni tí àbúrò mi fà jáde nínú omi nígbà tí wọ́n jọ wà lọ́mọdé. Ẹran màlúù ni wọ́n fi tà á, kì í tún ṣe odindi màlúù, ìwọ̀n tó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ni.

Kí ojú má baà tì mí tán, àwọn aláṣẹ gbé iṣẹ́ ìsìnkú fún mi. Mo máa kan pósí igi sípírẹ́sì mẹ́wàá, ọ̀kan fún eérú àwọn òkú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́wàá ìlú wa, àti àkéte kan tí a ń gbé lófìfo fún àwọn tí a kò rí òkú wọn. Mo gbé igi wálé. Habrullis, ìyá mi, jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbé ìgò òróró àti aṣọ funfun sílẹ̀, ó sì ti gé irun rẹ̀.

"Kí lò ń kàn?" ló bi mí.

"Àkéte òfìfo ni, Màmá. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Mnesias máa wà."

Ó fọwọ́ kan igi náà. "Àkéte ni mo fẹ́ wẹ̀? Àkéte ni mo fẹ́ fi òróró pa?"

"Màmá, wọ́n ti dìbò."

"Wọ́n dìbò. Ṣé àwọn ló bí i ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to igi náà sílẹ̀.

"Mo ń bi ọ́, Smikros. Ṣé ẹni tó bí i sọ pé kó máa jẹrà nínú kòtò? Èmi nìkan ni mo bí i. Ìbò tèmi nìyí: lọ gbé e wá."

Nínú igi ólífì tó kù lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, mo gbẹ́ ọ̀pá kan. Mo gbẹ́ ejò méjì sí i lára, kí wọ́n lọ́ mọ́ra, kí wọ́n kọjú síra lókè. Ọ̀pá akéde nìyẹn. Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, ọ̀tá tàbí ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá sì mú un láìjẹ́ pé ìlú rán an, ikú ni. Mo fi òróró pa á kó lè gbó díẹ̀, mo sì lọ bá Batrakos apẹja, tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, tí kò sí nínú ẹni tó ń jẹ màlúù.

Nígbà tí a dé àárín omi, mo yọ ọ̀pá náà jáde nínú àpò. Batrakos wò ó, ó tún un wò.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀pá akéde."

"Mo mọ̀ pé ọ̀pá ni. Àwọn aláǹgbá méjì wo ló ń jà lórí rẹ̀ yìí?"

"Ejò ni, jọ̀ọ́."

"Ejò! Smikros, wọ́n máa pa wá. Wọn ò tiẹ̀ ní í pa wá torí irọ́, torí aláǹgbá ni wọ́n máa fi pa wá." Ó tutọ́ sómi, ṣùgbọ́n kò yí ọkọ̀ padà. "Fi ọwọ́ bò wọ́n lórí nígbà tó o bá ń sọ̀rọ̀."

Mo fi ọwọ́ bò wọ́n. Mo dúró ní ẹnubodè Elaioni, mo gbé ọ̀pá sókè, àwọn aṣọ́nà sì sáré lọ pe olórí wọn, ọkùnrin kan tó sanra tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òróró kúrò lẹ́nu.

"Ta ló rán ọ?"

"Àwọn ará Ateni."

"Ta lò ń jẹ́?"

Mi ò ro ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mi ò lè dárúkọ ara mi, orúkọ kan ṣoṣo tó sì wà lórí ahọ́n mi láti ọjọ́ mẹ́fà ni mo sọ. "Mnesias, ọmọ Pistias."

"Kí ni àwọn ará Ateni wí?"

"Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ jẹ́ kí a gbé òkú wa."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ké pe àwọn ènìyàn jáde, ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, sókè dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n fò sókè? Àwọn tí mo fojú ara mi rí ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń sá, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún ayọ̀, ẹnì kan ń jó. "A ti ṣẹ́gun! A ti ṣẹ́gun Ateni!" Mo dúró láàárín wọn, mo sì rò ó pé bí wọ́n bá gbé àwọn wọ̀nyí sórí òkè ìpàdé wa, tí wọ́n gbé tiwa wá síbí, màlúù nìkan ló máa mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Kí wọ́n tó fi òkú hàn mí, wọ́n kọ́kọ́ ri òpó tiwọn mọ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gan-an, nítorí wọn kò gbọdọ̀ wó tèmi. Òrìṣà Seusi ló ni òpó tí a bá ti rì. Òpó wọn wọ́. Ẹnu ń yún mi láti sọ fún wọn pé kí wọ́n ti òkúta sí i lábẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé asà kan kọ́ ọ, mo sì rí i pé asà Mnesias ni, torí èmi ni mo fi awọ tuntun sí ibi ìdìmú rẹ̀. Mo yí ojú mi sí òkun.

Wọ́n ti kó òkúta bo òkú méjèèjì nínú kòtò. Mi ò ní í sọ bí ojú rẹ̀ ti rí. Àtàǹpàkò òsì ni mo fi dá a mọ̀, èyí tí orí rẹ̀ gé. Èmi ni mo gé e, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje tó ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ àáké mi. Mo di àtàǹpàkò náà mú. Mo sunkún níbẹ̀, èmi akéde Ateni, olórí wọn tó sanra sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Wò ó, ó ń dùn wọ́n pé wọ́n pàdánù."

A gbé Tudippos fún ọmọbìnrin rẹ̀. A gbé Mnesias wá sílé. Ìyá mi lé gbogbo wa síta, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró pa á, ó fi aṣọ funfun dì í. Nígbà tó jáde, ohun tó sọ kò ju pé, "Ó ti fúyẹ́." A sin ín sí ẹ̀yìn ilé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa.

Kò pé ọjọ́ méjì tí Hegemakos fi ya wọ ibi iṣẹ́ mi, òun nìkan.

"Smikros, mo gbọ́ pé o sin òkú."

"Mo sìnkú, ọ̀gá."

"Òkú ta ni?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ ti sọ fún ìlú pé a kó gbogbo òkú wá. Kò lè jẹ́ òkú Elaioni, kò sí òkú kankan ní Elaioni."

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Wọ́n ti ri òpó síbẹ̀! Wọ́n ní a rán akéde! O mọ̀ pé mo lè ní kí wọ́n pa ọ́?"

"Mo mọ̀. Ẹ pè mí lẹ́jọ́. Ẹ óò sọ fún ilé ẹjọ́ pé mo lọ gba òkú tí ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n á wá bi yín pé òkú wo."

Ó wo àkéte òfìfo tó wà nílẹ̀, ó fọwọ́ pa á. "Àkéte yìí dára," ló wí, ó sì jáde lọ.

Ó sọ ní ìpàdé pé ìlara ló mú àwọn ará Elaioni ri òpó tiwọn, pé òpùrọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n tún un yàn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó tẹ̀ lé àkéte òfìfo tí mo kàn, ó ń fi aṣọ nu ojú, ó ní àwọn tí a kò rí òkú wọn ni gbogbo ayé jẹ́ ibojì fún. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ti mú un ya wèrè, wọ́n rọra mú un kúrò níbẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí Dexitheos tó dé ibi iṣẹ́ mi. Ó ń wá ibi tó máa fi fìlà rẹ̀ kọ́, ó rí igi kan tó yọ lára ògiri, ó fi kọ́ ọ. Ọ̀pá ejò mi ni. Mo ti gé ìdí rẹ̀, mo fi ṣe èèkàn.

"O wà ní Elaioni?" ló bi mí.

"Mo wà níbẹ̀."

"Òpó méjì ló wà ní etíkun yẹn, ìlú méjèèjì ló ní òun ṣẹ́gun. Mo ti dé Elaioni. Wọ́n ní Ateni rán akéde wá tọrọ òkú méjì, wọ́n sì dárúkọ akéde náà fún mi. Mi ò ní í sọ ọ́ fún ọ. Ìwọ ni kí o sọ ọ́. Bí ó bá bára mu, mo máa kọ ọ́."

Mo gbé àáké kalẹ̀. "Mnesias ọmọ Pistias ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ tàn yanran. "Orúkọ kan náà gẹ́lẹ́! Láti ẹnu ọ̀tá, láti ẹnu tiwa! Ṣé o rí i? Bí ènìyàn ṣe ń mọ òótọ́ nìyẹn."

Mo wò ó. Hegemakos ṣì wà láàyè nígbà yẹn, ó ṣì lè ní kí wọ́n pa mí, ṣùgbọ́n mo fi òrìṣà búra pé mo fún Dexitheos ní ààyè láti mọ òótọ́. Mo ní, "Àwọn òkú méjì náà ńkọ́, ọ̀gá? Ẹ kò bi mí ní orúkọ tiwọn."

Ó ti ń ká ìwé rẹ̀. "Rárá o. Bí mo bá ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó kú, ìgbà wo ni mo máa parí? Ìdí tí ogun fi ń bẹ́ sílẹ̀ ni mò ń wá, àti bí agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òkú méjì ti tó." Ó mú fìlà rẹ̀ lórí èèkàn, ó dúpẹ́, ó gun ìbaaka. Kò bèèrè orúkọ bàbá tèmi náà, ì bá gbọ́ pé Pistias ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń pè mí títí dòní.

Ohun tó kà lánàá nìyẹn, tí mo fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará Ateni rán Mnesias ọmọ Pistias lọ sí Elaioni láti tọrọ òkú méjì, pé wọ́n sì kó wọn fún un. Nínú gbogbo àwa tó lọ síbẹ̀, orúkọ méjì péré ló wà nínú ìwé náà, ti Hegemakos àti ti àbúrò mi. Nínú ìwé tí yóò wà títí ayé, Mnesias dìde nínú kòtò, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú, ó tọrọ òkú ara rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tì mí síta, ẹ̀rín náà ti di ẹkún. Ó wù mí kí ìyá mi wà láàyè kó gbọ́ bí wọ́n ṣe pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè.